Àwo Dúdú Tí Wọ́n Ní Iná Kò Lè Jó

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kọkànlá ni, agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀. Mo mọ àkókò náà nítorí pé aago ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo tẹjú mọ́, kí n má baà wo ojú àwọn èèyàn. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú pẹpẹ, ó di máìkì mú, ó sì sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti fi èèpo èkùrọ́ ṣe ike tí iná kò lè jó.

"Halelúyà!" ni ìjọ fi dá a lóhùn.

Ìdúpẹ́ la wá ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún àgùnbánirọ̀ mi ni, mo sì padà wá sílé ní Abẹ́òkúta láìríṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá parí nǹkan báyìí máa ń jáde síwájú pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, ẹnì kan nínú wọn á sì sọ ohun tí Olúwa ṣe. Bàbá mi ló sọ ti èmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tó wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà ní ìwé, débi pé tó bá ti ní báyìí ni nǹkan rí, kò sí ẹni tó tún ń wádìí mọ́.

Ohun tí mo ṣe kì í ṣe ohun tó sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó máa gba máìkì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ níwájú pẹpẹ kó ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí, mo sì tún gbé ojú sí aago ara ògiri. Nígbà tí àlùfáà ní ká kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì tún ohun tí Bàbá sọ sọ fún Ọlọ́run, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Kí n wá sọ ohun tí mo ṣe bó ṣe jẹ́.

Èédú, èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, àti ohun dúdú tó wà láàárín pẹ́ńsù, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Kábọ́nù ni. Bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀. Nínú pẹ́ńsù, kábọ́nù náà tò ní pelebe lórí pelebe bí ìwé tí wọ́n kó léra, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí bọ́ sára ìwé téèyàn bá fi kọ nǹkan. Tí ọ̀kan nínú àwọn pelebe wọ̀nyẹn bá ká bí ẹní tí wọ́n ká, ó di ọ̀pá oníhò tó tín-ín-rín débi pé irun orí kan nípọn jù ú lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irú kábọ́nù kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ike kó lè túbọ̀ lágbára, kó sì lè túbọ̀ fara da ooru.

Òun ni iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó gba oyè. Mo lọ kó èèpo èkùrọ́ níbi tí wọ́n ti ń fún epo lójú ọ̀nà Ọdẹ́dá. Mo sun ún nínú ìkòkò irin tí mo dé pa kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀, mo fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, mo tún gbé e sínú ìléru tó wà ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì, mo sì lọ̀ ọ́ títí tó fi di ìyẹ̀fun dúdú tó ń fò lọ tí mo bá mí sí i. Èmi fúnra mi kò rí bó ṣe tò. Ẹ̀rọ tó lè rí i kò sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó mọ̀ lókè òkun, onítọ̀hún sì fi àwòrán ránṣẹ́ padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán náà jẹ́ pelebe tó wún jọ bí ìwé téèyàn fún mọ́wọ́. Àwọn ọ̀pá oníhò náà wà níbẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Mo kọ "díẹ̀" sínú iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ní kí n kọ "a rí i". Nígbẹ̀yìn, a jọ fẹnu kò sí "a rí díẹ̀".

Mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ résìn, ìyẹn omi ike tó máa ń dì gan-an, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú omi ń lò. A dán an wò nínú ẹ̀rọ kan tó dà bí ìléru kékeré tí òṣùwọ̀n wà nínú rẹ̀. Bí ooru ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, òṣùwọ̀n náà ń ṣọ́ ìgbà tí nǹkan náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, nítorí ìgbà yẹn ló ń tú ká. Èyí tí mo po kábọ́nù mọ́ pẹ́ díẹ̀ ju èyí tí n kò pò ó mọ́ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Díẹ̀ ni. Inú mi dùn sí díẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dán an wò, gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní náítírójìn la fẹ́ sínú ìléru náà, kí afẹ́fẹ́ má baà dé ibẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, nǹkan kì í gbiná. Ó kàn ń tú ká ni. Bí ike mi ṣe ń fara da ooru la wọ̀n. A kò wọn ohun tó máa ṣe tó bá pàdé iná. Nínú ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ wà níbi gbogbo.

Résìn tí mo po kábọ́nù mọ́ ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Mo dà á sínú páànù, ó dì, ó di àwo dúdú tó ń dán, tó fẹ̀ tó tíréè. Mo gbé e fún Bàbá. Ó gbé e ka ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí àlejò tó wọlé tí kò gbé e lé lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, a ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo sè. Àwa méjì péré la wà nílé, nítorí ìyá mi wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Bàbá," mo ní, "ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan..."

"Ó dùn mọ́ wọn nínú, àbí?"

"Ó dùn mọ́ wọn, sà. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún yín pé iná ò lè jó o."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó ń fara da ooru ju èyí tí ò ní kábọ́nù lọ."

Ó gbé ṣíbí dúró. "Ooru wo ló wá ju ti iná lọ?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Nígbà tí a ń dán an wò, a ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ débẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá débẹ̀..."

"Ṣé ó yege àbí kò yege?"

"Ó yege, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó tán." Ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. "O yege tán, o tún ń wá ìdí tí wọn ò fi gbọ́dọ̀ yìn ọ́. Ìtìjú yìí náà ni ò jẹ́ kí o ríṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe táǹkì omi lọ́jọ́sí, wọ́n bi ọ́ bóyá o lè ṣe é. Kí lo ní?"

Mo ń fi ṣíbí tú ìrẹsì inú abọ́ mi.

"O ní, 'Ó ṣeé ṣe kí n lè ṣe é.' Ta ló máa gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn síṣẹ́?"

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo kó abọ́ lọ sẹ́yìn, mo sì fọ̀ wọ́n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a ṣe básà ìkórè nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Oníkálùkù gbé ohun tó ní wá, iṣu, àkùkọ, kẹ́ẹ̀gì epo, kí wọ́n lè lù wọ́n ní gbàǹjo. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ra nǹkan lè dá a padà fún Olúwa, kí wọ́n tún un tà. Àkùkọ kan ṣoṣo lè di títà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó rí ẹni tó máa gbé e lọ sílé. Bó bá sì ti padà sórí tábìlì, oríkì tí ẹni tó ń lu gbàǹjo máa kì í gbọ́dọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tà.

Mi ò mọ̀ pé Bàbá gbé àwo mi wá. Orí tábìlì, láàárín iṣu, ni mo ti rí i.

Télọ̀ kan ló máa ń lu gbàǹjo fún wa. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ wo èyí!" ó gbé àwo náà sókè. "Ọmọ tíṣà ló ṣe é, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ gbé abọ́ oníke sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, tí etí rẹ̀ ká kò, tí ẹ wá ń sọ fún ọkọ yín pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ ọ́, ẹ súnmọ́ ibí!"

"Gbé e sórí iná ká rí i!" ni ẹnì kan kígbe láti abẹ́ kánópì.

Obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́bàá ògiri. Télọ̀ náà sáré lọ síbẹ̀, ogunlọ́gọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ó fi aṣọ di etí àwo náà mú, ó ní kí obìnrin náà gbé agbada rẹ̀ kúrò, ó sì na àwo náà sórí iná. Ó fà á lọ, ó fà á bọ̀, bí ẹni tó ń lọ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sókè. Èéfín díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́.

"Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

"A rí i!"

Mo mọ ìdí tí kò fi jó. Pákó tó nípọn bẹ́ẹ̀ náà kò ní jó tí wọ́n bá fà á kọjá lórí iná báyẹn, ọwọ́ èèyàn gan-an lè kọjá níbẹ̀. Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó gbiná, ó ní láti kọ́kọ́ gbóná dénú, kó tú ká, kó máa rú èéfín jáde, èéfín náà ló sì ń gbiná. Kò sí àyè fún ìyẹn. Ohun tí àwọn èèyàn rí kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Mo la ẹnu. Bàbá mi wà ní òdì kejì agbo náà, ó ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tíì rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo pa ẹnu dé.

Olórí akọrin ló kọ́kọ́ rà á, ó sì dá a padà. "Mànàmáná gan-an máa bọ̀wọ̀ fún un!" ni télọ̀ náà wí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan tún rà á, òun náà dá a padà. "Ilé tí èyí bá wà, panápaná ò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀ láéláé!" Lẹ́ẹ̀kẹta yìí ni ìyá arúgbó kan láti Láfẹ́nwá rà á, opó tí bàbá mi kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ níwèé. Ó gbé e mọ́ àyà.

"Ẹ ò ní dá a padà fún Olúwa ni, Màmá?"

"Olúwa ti ní púpọ̀ lónìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà ní ọ̀kan."

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dókítà, ìgbà wo lẹ máa bá wa ṣe òrùlé?"

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo sọ. Kò bá ìbéèrè rẹ̀ mu. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí básà fi parí.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá ti kíláàsì Bíbélì dé, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá Láfẹ́nwá ní kí n kí ọ o. Ó ní àwo rẹ ń ṣiṣẹ́. Orúnkún ò jẹ́ kó máa jáde lọ síta lọ dáná mọ́, orí àwo yẹn ló ń gbé kóòpọ́ọ̀tù eléèédú rẹ̀ kà báyìí, nínú pálọ̀."

"Nínú pálọ̀?"

"Lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní orí àga òun ni òun ti ń jókòó ro ọbẹ̀."

Mo dìde. "Bàbá, ó máa jó."

Ó wò mí. N kò rò pé mo ti dá a lóhùn báyẹn rí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Èmi kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì mọ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Mú nǹkan tí a máa fi hàn án dání," ó ní. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn igi pẹlẹbẹ tí mo fi résìn kan náà ṣe fún ìdánwò, èyí tó ṣẹ́ sí méjì, a sì jáde.

Ilé màmá náà kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá. Mo gbọ́ òórùn kan kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, òórùn bíi ti ọ̀dà tuntun tó gbóná. Ìyá náà jókòó sórí àga, ó ń ro ọbẹ̀. Ìkòkò wà lórí kóòpọ́ọ̀tù, kóòpọ́ọ̀tù wà lórí àwo mi, àwo mi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Tíṣà! Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín."

"Mà, ẹ jẹ́ ká gbé iná yìí jáde ná."

"Ṣé ebi ló ń pa yín? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ má fi tipá gbà á."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti gbé ìkòkò náà kúrò. Mo fi àkísà di kóòpọ́ọ̀tù mú, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo padà, Bàbá ń gbìyànjú láti gbé àwo náà, kò sì fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ó fà á, kápẹ́ẹ̀tì ya. Àárín àwo náà ti pàwọ̀ dà, ó sì ti sán. Ibi tó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì ti yọ́ ní róbótó.

Màmá náà na ọrùn wò ó.

"Mo ti ń rò pé èédú tí wọ́n tà fún mi lọ́tẹ̀ yìí ló ń rùn," ó ní. "Orí ti ń fọ́ mi láti àná."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wá síta díẹ̀," ni mo wí.

Mo fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Bàbá sì gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Mo fi igi pẹlẹbẹ mi sórí èédú. Fún ìgbà díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín funfun. Lójijì, ó gbiná, iná pupa tí èéfín dúdú ń rú lórí rẹ̀, èérún dúdú wẹ́wẹ́ sì ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́. Mo ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Bàbá kò mú ojú kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú. Ohun tó kù jẹ́ èèpá dúdú tó ṣì dúró bí igi pẹlẹbẹ náà ṣe rí, kò yọ́, kò sì tú. Kábọ́nù tí mo pò mọ́ ọn ló fà á. Òun ni gbogbo ohun tí iṣẹ́ mi fi kún un. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbẹ̀.

"Háà," ni màmá náà wí. "Ọmọ yìí, o jó iṣẹ́ ara rẹ mọ́ wa lójú!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí bàbá mi tó bọ́ fìlà, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà.

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni mo sọ."

"Ẹ dìde o, Tíṣà! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí aládùúgbò ní mo ń na yín ni?"

Kò tètè dìde. Mo mọ gbogbo ìgbà tí mo ti rí bàbá mi tó dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn, ìgbéyàwó ni, tàbí òkú. Kò dọ̀bálẹ̀ rí nítorí nǹkan tí èmi ṣe. N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i pé eérú ti lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀ níwájú.

Nígbà tó dìde, ó ní òun máa ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun fún wọn, kí wọ́n sì jẹ́ ká gbé àwo náà lọ.

"Kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wàhálà," màmá náà ní. "Ẹ lè gbé àwo yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rà ní básà ni, èmi nìkan ni mi ò dá a padà fún Olúwa lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ló rí mi. Tí wọn ò bá wá rí i lọ́wọ́ mi mọ́, kí ni kí n sọ? Wọ́n á ní arúgbó ti ń ṣarán. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti sọ ọ́, Tíṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni kẹ́ ẹ ti gbà á padà."

Bàbá ní òun ti gbọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé, àwo náà wà lórí itan mi, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. "Ta ló gba ìdúpẹ́ padà rí?" ó ní. N kò mọ̀ bóyá èmi ló ń bi. Lóòótọ́, mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí, n kò rí ẹni tó jáde síwájú láti ní ohun tí òun dúpẹ́ lé lórí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí Olúwa ṣe fún ló ń jáde. Ẹni tí kò ṣe fún á jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́, sà," ni mo ní. "Èmi ni mo ṣe àwo náà."

"Ìwọ kọ́ lo sọ ọ̀rọ̀ náà."

Kò tún sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan tó lè jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó máa ṣe é tàbí kò ní ṣe é. Mo fẹ́ kó ṣe é. Mo sì tún fẹ́ kí òjò rọ̀ ká má lè lọ.

Òjò kò rọ̀. Lẹ́yìn ìfilọ̀, ó na ọwọ́, ó bẹ àlùfáà, wọ́n sì gbé máìkì fún un. Ó dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú kíláàsì, ọwọ́ òsì lẹ́yìn. Kò pè mí jáde.

"Mo dúró níbí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ mi," ó ní, "mo ní ó ṣe ike tí iná ò lè jó. Irọ́ ni. Ọmọ mi ò purọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo tún gbé e wá sí básà. Iná ń jó o. Mo ti rí i bó ṣe jó. Ẹni tó rà á ti dá a padà, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà. Ẹ forí jì mí."

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa ń fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

"Halelúyà!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, mo rò pé ó ti mọ́ ọn lára ni.

Ẹ̀rín sọ. Télọ̀ tó lu gbàǹjo dìde. "Tíṣà, gbàǹjo mi ńkọ́? Ṣé panápaná ti wá mọ ọ̀nà báyìí?" Ẹ̀rín náà pọ̀ sí i. Ìyá Láfẹ́nwá kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń mi orí lọ́nà tí mo gbà sí pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí. Àlùfáà pe èmi àti Bàbá jáde, ó ní ká kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Kò mẹ́nu ba iná rárá.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni bàbá mi ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Ó sọ fún ẹni tó ń gẹ irun rẹ̀. Ó sọ fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nígun òpópónà wa, tí kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Tí mo bá wà níbẹ̀, á nawọ́ sí mi: "Ọmọ mi nìyí, òun ló ṣe é. Iná ń jó o o." Mo máa ń wolẹ̀.

"Bàbá, ó tó bẹ́ẹ̀," ni mo sọ fún un nígbẹ̀yìn. "Ẹni tí ò gbọ́ irọ́ náà, kí ló kàn án?"

"Ó ti jáde lẹ́nu mi níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn," ó ní. "Àwọn náà ti gbé e lọ. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mo ti gbìyànjú láti ronú nípa rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tó fi lè mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé tó kọjá, táyà ọkọ̀ wa jò lójú ọ̀nà Ọdẹ́dá. A rí fọkanáísà kan lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá dúró tì í, èmi jókòó sínú ọkọ̀. Fọkanáísà náà ń yọ táyà lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè wo Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ní ọmọ yín ṣe ike tí iná kì í jó?"

N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ibẹ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa.

"Ó ń jó," ni Bàbá wí.

"Ẹ má rẹ ara yín sílẹ̀, Bàbá! Wọ́n ní wọ́n gbé e sórí iná níṣojú gbogbo ayé."

Mo yí ojú mi sí òdì kejì, sí ìhà oko. Mo gbọ́ tí Bàbá fi ọwọ́ lu ògbólógbòó táyà kan tó wà nílẹ̀.

"Kí ló jẹ́ kí èyí dúdú?"

"Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Kábọ́nù ni wọ́n pò mọ́ rọ́bà, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Rọ́bà fúnra rẹ̀ kì í dúdú. Kábọ́nù yẹn ló jẹ́ kó le, tí kò fi tètè jẹ lójú títì. Ṣé táyà kì í wá jó?"

Fọkanáísà náà bú sẹ́rìn-ín. "Táyà kẹ̀? Ta ni ò mọ bí táyà ṣe ń jó!"

"Èéfín rẹ̀ ńkọ́?"

"Èéfín tí wọ́n ń rí láti Ọdẹ́dá dé Abẹ́òkúta!"

"Ó dáa. Bákan náà ni ti ọmọ mi. Kábọ́nù jẹ́ kó fara da ooru díẹ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbiná. Ṣé afẹ́fẹ́ wà níbí?"

"Afẹ́fẹ́ ni mò ń tà, Bàbá."

Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Èmi kò sọ̀rọ̀ táyà fún un rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí. N kò mọ ibi tó ti rí i. Mo jókòó sínú ọkọ̀, ojú ń tì mí bó ṣe máa ń tì mí, mo sì ń dẹtí sílẹ̀ fún ibi tó ti máa fi nǹkan kún un, nítorí mo mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ mi. Ohun tí fọkanáísà náà máa sọ fún ẹni tó kàn tó bá dúró lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, n kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn bàbá mi, n kò bi í. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ooru, nípa afẹ́fẹ́ àti nípa kábọ́nù, títí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì táyà tán. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.